Ẹ̀rọ Méjì Tàbí Ẹnu Kan

Bí o bá wọ balùwẹ̀ ilé àtijọ́ kan ní Peckham tàbí Hackney nílùú London, ó ṣeé ṣe kí o bá ẹ̀rọ omi méjì lórí bésìnì kan: gbígbóná lápá òsì, tútù lápá ọ̀tún, wọn kò sì ní í pàdé láéláé. Ará wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé á máa sáré gbé ọwọ́ láti abẹ́ ọ̀kan bọ́ sábẹ́ èkejì. Ọ̀kan ń jó o, èkejì ń mú un gbọ̀n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òun náà bá ra ilé tirẹ̀, tó fẹ́ kí balùwẹ̀ bá ilé ayé Ọbabìnrin Victoria mu, ẹ̀rọ méjì yìí náà ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ fún un nílé ìtajà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ alápòpọ̀ tó múra bí ará àtijọ́ wà: ọwọ́ rẹ̀ ṣe bí àgbélébùú, ọrùn rẹ̀ tẹ̀, àmọ́ ẹnu kan ṣoṣo ni omi méjèèjì ń gbà jáde.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò kàn ṣe agídí nígbà tí wọ́n ya omi méjèèjì nípa. Omi tútù ń ti páìpù ojú títì wọlé tààrà pẹ̀lú agbára. Omi gbígbóná ní tirẹ̀ ti kọ́kọ́ sùn sínú táńkì lókè àjà kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá gbóná, eruku àti kòkòrò sì lè kó sínú táńkì bẹ́ẹ̀ bí ìdérí rẹ̀ kò bá dáa. Ta ni yóò fẹ́ kí irú omi yẹn padà wọ inú èyí tí aráyé ń mu? Agbára wọn pàápàá kò dọ́gba. Báà ni wọ́n fi ń wọn agbára omi: kí omi tó ní agbára báà 1, ó ní láti ga tó nǹkan bíi mítà 10. Táńkì tó fi mítà 3 ga ju bésìnì lọ kò ní ju báà 0.3 lọ. Bí méjèèjì bá pàdé lẹ́nu kan láìsí ohun tó dá wọn dúró, èyí tó lágbára á máa ti èyí tí kò lágbára padà sẹ́yìn.

Nítorí náà, ẹ̀rọ méjì bá ilé tó ṣì ń lo táńkì òkè àjà mu. Ó tún bá ìwẹ̀ àwọn tó ṣe é mu: wọn á dí ihò bésìnì, wọn á da gbígbóná mọ́ tútù nínú rẹ̀, wọn á wá bọ́jú níbẹ̀. Àwa kì í fẹ́ fi omi tí a ti fi fọwọ́ bọ́jú. Mùsùlùmí tó fẹ́ ṣe àlùwàlá nínú òtútù oṣù January nílò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń ṣàn, kó lè yọ ẹnu, kó fín imú, kó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Ẹ̀rọ méjì kò lè fún un ní irú omi bẹ́ẹ̀. Ẹnu wọn tún sábà máa ń kúrú débi pé ẹ̀yìn ọwọ́ á máa kan ara bésìnì. Níbi tí mo ti ń wò ó, ìyẹn nìkan tó láti kọ̀ ọ́ nílé tí ìdílé ńlá ń gbé.

Ti ọmọdé tún wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń tọ́jú omi gbígbóná sí ìwọ̀n 60°C kí kòkòrò Legionella má bàa gbilẹ̀ nínú rẹ̀, omi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ sì lè bó ọmọdé láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀rọ alápòpọ̀ dín ewu náà kù, kò pa á rẹ́. Fáàfù tó ń ṣọ́ ìgbóná omi, tí wọ́n ń fi sábẹ́ bésìnì, ni ààbò gidi.

Ibi tí ẹ̀rọ méjì ti borí ni àtúnṣe. Ní 1845 ni ilé iṣẹ́ Guest and Chrimes ti ìlú Rotherham gba ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tí a ń yí wálẹ̀ láti dí omi, wọ́ṣà kékeré kan sì ni gbogbo àṣírí rẹ̀. Bó bá ń jò, púlọ́ńbà yòówù á pààrọ̀ wọ́ṣà náà ní owó táṣẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ alápòpọ̀ òde òní ń lo àwo amọ̀ sísun méjì tó ń yí lórí ara wọn: ó rọrùn lọ́wọ́ arúgbó, ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́, odindi rẹ̀ lo máa wá kiri, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan náà. Omi London sì le, ó kún fún ẹfun tó lè ba àwo bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ní Glasgow, tí omi Loch Katrine ti rọ̀, ìyọnu yẹn kéré.

Ní ti àwọ̀, kíróòmù kò tíì wọ́pọ̀ títí di ìparí àwọn ọdún 1920, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kó jọ ti ayé Victoria gan-an á mú níkẹ́ẹ̀lì tàbí idẹ lásán. Idẹ á dúdú. Àwọn kan ń sanwó lé e nítorí ìyẹn.

Èmi á mú alápòpọ̀ oníhò mẹ́ta (ihò kan fún ẹnu, méjì fún ọwọ́), bí ilé bá ní bọ́ílà tó ń mú omi ojú títì gbóná láìsí táńkì. Bí táńkì bá ṣì wà, kí onílé ka ìwọ̀n agbára omi tí wọ́n kọ sára páálí kó tó sanwó, nítorí àwọn kan ń béèrè báà 1, bí kò bá sì tó bẹ́ẹ̀, omi á kàn máa kán tótó lẹ́nu wọn. Ẹni tó ń kọ́lé n'Íbàdàn, tó gbé táńkì lé orí irin, ìṣirò kan náà ló ń bá a yí. Bésìnì àtijọ́ oníhò méjì kò sì ní kí a gbé e sọnù: wọ́n ń ta alápòpọ̀ kan tí páìpù rẹ̀ gba òkè so ihò méjèèjì pọ̀. Kí a kàn fi téèpù wọn àárín ihò kan sí àárín èkejì kí a tó jáde nílé, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣeé fà gùn tàbí sún pọ̀.