Àánú wo ló wà fún oníṣòwò ẹrú? Ìtàn John Newton, ẹni tó kọ orin ‘Amazing Grace’

Ní oṣù Kẹta ọdún 1748, ìjì líle kọlu ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Greyhound lórí òkun Àtìláńtíìkì. John Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ẹni ọdún 22, wà níbẹ̀. Nígbà tó ń bá ọ̀gá ọkọ̀ sọ̀rọ̀, ó ṣèèṣì ní kí Olúwa ṣàánú àwọn. Ọ̀rọ̀ náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, nítorí ẹni tó máa ń fi Ọlọ́run ṣẹ̀sín ni. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé àánú wo ló lè wà fún irú òun.

Orí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni ìjọsìn Kristẹni dúró lé. Nínú ẹ̀kọ́ ìjọ, kì í ṣe ìwà rere ènìyàn ló ń mú un dé iwájú Ọlọ́run. Àánú ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ìdí nìyí tí ìjọ Kátólíìkì àti Áńgílíkà fi máa ń tọrọ àánú kí wọ́n tó gba oúnjẹ Olúwa. Sáàmù 136 pàápàá ní ẹsẹ 26, kò sì sí ìkankan tí kò parí sórí àánú tí kò lópin.

Àwọn ẹrú ló kọ́kọ́ ṣàánú rẹ̀

Ṣáájú ìjì yìí, Newton ti gbé ní erékùṣù Plantain, ní etíkun Sierra Leone, lọ́dọ̀ aláwọ̀ funfun kan tó ń ṣòwò ẹrú. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, tí ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ sì ń febi pa á, àwọn ẹrú tó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló ń yọ́ bù fún un nínú oúnjẹ tí kò tó àwọn fúnra wọn. Newton ló kọ èyí sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1764.

Síbẹ̀, lẹ́yìn tí ìjì náà ti rọlẹ̀, tó sì ti gbà pé Ọlọ́run ṣàánú òun, ó di ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú. Ìrìnàjò mẹ́ta ló ṣe láàrin ọdún 1750 sí 1754. Ó ń ka Bíbélì, ó ń gbàdúrà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn wà nínú ẹ̀wọ̀n nísàlẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Àìsàn ló mú un fi òkun sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn.

Lẹ́yìn tó di àlùfáà ní ìlú Olney, ó kọ orin náà fún ìsìn ọjọ́ kìíní ọdún 1773. Àdúrà Dáfídì nínú Kíróníkà Kìíní orí 17 ló fi ṣe ìwàásù lọ́jọ́ náà, níbi tí ọba ti ń béèrè ohun tí òun jẹ́ tí Ọlọ́run fi gbé òun dé ibi gíga bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1788 ló tó tẹ ìwé jáde láti jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, tó sì tú àṣírí òwò náà. Ọdún 34 pọ̀ jù fún ẹni tí ẹrú ti fún lóúnjẹ rí. Ṣùgbọ́n kò wá àwáwí, ó sì tún jẹ́rìí níwájú àwọn aṣòfin. Ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1807, ọdún kan náà tí Ìlú Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú.

Lọ́dún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọdékùnrin kan láti Òṣoògùn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, ó sì gbé e lọ sí Freetown, ní Sierra Leone kan náà. Ọmọ náà ni Samuel Àjàyí Crowther, tó ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Inú Bíbélì náà ni ọ̀pọ̀ ìjọ ti ń ka Sáàmù 136 títí dòní.