Àwọn Ońṣẹ́ Inú Iṣan: Ìdí Tí Ìpayà Fi Ń Pẹ́ Nínú Ara

Bí ejò bá sọdá níwájú ènìyàn, kí ó tó mọ̀ pé ejò ni, ọkàn rẹ̀ ti ń lù kìkì, òógùn sì ti bò ó. Ejò a wọ igbó lọ tán, ṣùgbọ́n àyà ẹni náà kò tíì balẹ̀. Kí ni ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ara nígbà tí ohun ìpayà ti kọjá? Èyí ni ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí pé ohun tí a ń pè ní iṣan ju ẹyọ kan lọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ń bẹ, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Iṣan ìmọ̀lára sì ń bẹ, èyí tí ó dàbí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí gbogbo ara. Nínú àwọn iṣan ìmọ̀lára yìí ni ẹgbẹ́ kan wà tí kì í dúró de àṣẹ wa. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní sympathetic. Òun ni ó ń mú ọkàn sáré, tí ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, tí ó sì ń múra ara sílẹ̀ fún ìjà tàbí fún sísá.

Ara ẹranko ni a ti kọ́ ohun púpọ̀ nípa rẹ̀. Ní ọdún 1851, ní ilẹ̀ Faransé, Claude Bernard gé iṣan yìí ní ọrùn ehoro. Etí ehoro náà, ní ìhà ibi tí ó gé, gbóná ju èkejì lọ, nítorí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ti dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sì ń wọ ibẹ̀. Èyí jẹ́ àmì pé iṣan ìmọ̀lára náà ni ó ti ń fún wọn mọ́ra tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni iṣan ṣe ń jíṣẹ́ fún ẹran ara tí ó lọ bá? Ní ọdún 1921, ní ìlú Graz ní Austria, Otto Loewi fi ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ méjì sínú omi iyọ̀. Ó ru iṣan ọkàn kìíní sókè títí lílù rẹ̀ fi fà. Ó bu omi tí ó yí i ká sí ọkàn kejì, lílù tirẹ̀ náà sì fà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan iṣan rẹ̀. Nítorí náà, ohun kan ni iṣan tú jáde sínú omi. Ohun náà ni ońṣẹ́. Ní ọdún 1946, Ulf von Euler ti ilẹ̀ Sweden fi hàn pé noradrenaline ni ońṣẹ́ tí iṣan sympathetic ń rán.

Wàyí o, noradrenaline jẹ́ ońṣẹ́ tí ó yára dé tí ó sì yára lọ. Iṣan tí ó rán an níṣẹ́ ni ó tún ń fà á padà sínú ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ń bẹ, a kò bá retí pé kí iṣẹ́ iṣan náà pẹ́ tó bí ó ti ń pẹ́.

Ní ọdún 1982, ní ìlú Stockholm, Kazuhiko Tatemoto àti Viktor Mutt rí ohun mìíràn yọ láti inú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n pè é ní neuropeptide Y. Ó dàbí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sójú okùn kan, ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ náà sì jẹ́ 36. Àwọn onímọ̀ tún rí i nínú iṣan sympathetic eku àti ti ológbò, nínú iṣan kan náà tí noradrenaline ń gbé.

Ìwà àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Ẹnu iṣan gan-an ni a ti lè ṣe noradrenaline, ṣùgbọ́n ìdí iṣan, ní ọ̀nà jíjìn, ni a ti ń sín neuropeptide, kí a tó gbé e wá sí ẹnu iṣan. Bí àṣẹ bá ń wá lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, noradrenaline ni ó sábà máa ń jáde. Bí àṣẹ bá ń já lu ara wọn kíákíá, neuropeptide Y a jáde pẹ̀lú. Ó dàbí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn: bí ó bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, ọmọdé ni yóò dá a lóhùn; bí kò bá dákẹ́, àgbà ilé a dìde. Àgbà kì í sáré jáde, kì í sì í tètè padà wọlé.

Ẹ̀rí èyí hàn nínú ológbò àti ẹlẹ́dẹ̀ tí a fún ní reserpine, oògùn tí ń gbọn noradrenaline dànù kúrò nínú iṣan. Reserpine yìí wà nínú gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tí àwọn babaláwo wa ti mọ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa dá lò. Nígbà tí a ru iṣan àwọn ẹranko náà sókè kíkankíkan, iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì fún pọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni, ó sì pẹ́ kí ó tó dẹ̀. Bákan náà, ní ọdún 1985, a rí i nínú ajá pé lẹ́yìn tí a ti ru iṣan sympathetic sókè tí a sì ti dáwọ́ dúró, iṣan kejì tí ń tu ọkàn lójú kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìṣẹ́jú. Neuropeptide Y ni a fura sí pé ó dí i lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ sí i. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ kan ní Washington ní Amẹ́ríkà kéde ohun tí wọ́n rí lára eku tí wọ́n ń ni lára lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn kan nípa dídúró nínú omi tútù. Àwọn tí a ń fún ní oúnjẹ ọlọ́ràá àti ṣúgà nínú ìnira náà kó ọ̀rá sí ikùn ju àwọn tí ó jẹ oúnjẹ kan náà ní ìrọ̀rùn. Nígbà tí a dí ibi tí neuropeptide Y ń gbà ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rá náà, ọ̀rá ikùn wọn dínkù.

Kí a má ṣe ka èyí ju bí ó ti rí lọ. Eku kì í ṣe ènìyàn, neuropeptide nìkan kọ́ ni ó sì ń mú ìpayà pẹ́: adrenaline tí ẹṣẹ́ orí kíndìnrín ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ní ipa tirẹ̀. Síbẹ̀, neuropeptide Y kan náà ń bẹ nínú ara wa, ó sì ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ agbára gidigidi.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọgbọ́n lò nínú rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bà, tàbí tí a mú bínú, tí ara rẹ̀ kò sì tètè rọ̀, kì í ṣe ojo, kì í sì í ṣe olóríkunkun. Àwọn ońṣẹ́ inú rẹ̀ ni kò tíì padà wọlé. Ẹ fún un láàyè, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ mìíràn kàn án nílẹ̀kùn. Ẹni tí ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó máa lo oògùn tí dókítà fún un, kí ó sì mọ̀ pé ìsinmi náà kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ.