Kónílé-ó-gbélé: Ìlo-ara, Ìjókòó àti Oorun Àwọn Ọ̀dọ́ ní Agbègbè Ihunbo Lákòókò Àrùn Kòrónà

1. Ìfáàrà

Àjàkálẹ̀-àrùn a máa yí ìgbésí ayé ẹni tí kò mú pàápàá padà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ará Ítálì kan, tí ó ti dé Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní àrùn kòrónà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní ìparí oṣù kẹta, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Àbújá àti Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ni ó bẹ̀rẹ̀ ní Ògùn. Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni pé ní agbègbè ààlà bí Ihunbo, ìlo-ara ọ̀dọ́ kò ṣeé yà kúrò lára iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Àṣẹ tí ó bá dá iṣẹ́ dúró ti dá ìlo-ara dúró.

2. Ìlo-ara

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá ni Ihunbo wà, kò sì jìnnà sí ẹnubodè Ìdìrókò. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́, ìrìn oko àti ẹrù ọjà ni eré ìdárayá. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 sọ pé ẹni ọdún 18 sí 64 nílò ìlo-ara ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ yíyá rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ sí oko, tí ó sì rin ọgbọ̀n bọ̀, ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ti kó 300 jọ kí ó tó gbé ọkọ́ rárá.

Ṣáájú àrùn yìí ni ìjọba ti ti ẹnubodè ilẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó kéde ṣíṣí Ìdìrókò. Nítorí náà, òwò ààlà ti rọ kí kónílé-ó-gbélé tó dé. Ṣùgbọ́n oṣù kẹrin náà ni òjò àkọ́rọ̀ ń dé, tí à ń gbin àgbàdo. Ọ̀dọ́ tí oko rẹ̀ wà nítòsí rí ibi lo ara. Èyí tí ọjà tàbí ilé-ìwé ń mú jáde nílé kò rí.

3. Ìjókòó

Ní oṣù kẹta ọdún 2020 ni a ti àwọn ilé-ìwé. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ Yunifásítì tún dá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dúró sílé títí di òpin ọdún náà. Nínú ìwádìí kan tí a ṣe ní oṣù kẹrin ọdún kan náà láàrin ènìyàn 1,047 ní Áfíríkà, Éṣíà àti Yúróòpù, wákàtí ìjókòó lójúmọ́ kúrò ní 5, ó di 8. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti dáhùn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ìwádìí náà sún mọ́ ju ti ọ̀dọ́ àgbẹ̀ lọ. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé ìjókòó pípẹ́ léwu fúnra rẹ̀. Nígbà tí iṣan ẹsẹ̀ bá dákẹ́, kì í fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bí ó ti yẹ.

4. Oorun

Oorun wákàtí 7 sí 9 ni ọ̀dọ́ nílò. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ni ó ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìmọ́lẹ̀ fóònù lóru a sì máa tàn án jẹ. Ẹni tí kò ní kíláàsì tàbí ọjà tí yóò jí lọ a máa pẹ́ sùn, a sì máa pẹ́ jí. Ara tí kò rẹ̀ lọ́sàn-án kì í tètè wá oorun lálẹ́. Ẹni tí kò sì sùn dáadáa yóò tún jókòó lọ́jọ́ kejì. Báyìí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe so kọ́ra.

5. Ìgúnlẹ̀

Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì àgbáyé mọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó kù ni pé àwùjọ ni àrùn náà fi ń ràn, kì í ṣe ìrìn ẹnì kan ṣoṣo lójú ọ̀nà oko. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, ó yẹ kí àṣẹ ìjọba ya èrò ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára ìrìn oko, kí ó sì sọ ohun tí ọ̀dọ́ lè ṣe, yàtọ̀ sí èyí tí kò gbọdọ̀ ṣe.