Yàrá Àdáni ní Ilé-Ìwòsàn: Èrè Rẹ̀ àti Ìnáwó Rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi ní Warri, ìlera ni oògùn ọrọ̀. Bí ẹni wa bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ìbéèrè kan kì í pẹ́ dé: ṣé wọ́ọ̀dù gbogbogbòò ni, àbí yàrá àdáni?

Yàrá àdáni ní èrè. Aláìsàn á rí oorun sùn, àṣírí rẹ̀ á bò, àrùn ẹlòmíràn kò sì ní tètè ràn án. Ẹni tí ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí ibà Lassa, dókítà fúnra rẹ̀ ni yóò ní kí wọ́n yà á sọ́tọ̀. Ìyẹn kì í ṣe fàájì.

Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ka owó yàrá, bẹ́ẹ̀ oògùn kan náà ni. NHIS tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní 2005, owó wọ́ọ̀dù gbogbogbòò ni ó là kalẹ̀. Àfikún yàrá di ti ẹbí.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣubú lóru nínú yàrá àdáni kan. Ìdájí ni nọ́ọ̀sì tó bá a nílẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù, ẹni tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì á ti pariwo.

Nítorí náà, kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ béèrè: Ǹjẹ́ agogo wà tí aláìsàn lè fi pe nọ́ọ̀sì? Ìgbà mélòó ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lóru? Ǹjẹ́ owó jẹnẹrétọ̀ wà nínú rẹ̀? Bí owó kò bá tó nǹkan, ẹ fi ra oògùn, kí ẹ yan wọ́ọ̀dù. Kì í ṣe ìtìjú.

Ọlọ́run yóò fún wa ní àlàáfíà.