Kì Í Ṣe Gbogbo Orí Tó Ń Bó Ló Gbẹ

Ọ̀rọ̀ orí ọlọ́ràá la fẹ́ sọ nínú abala ìlera àti ìmọ́tótó lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ló ń bá a yí. Ọmọbìnrin á fọ irun ní ọjọ́ Jímọ̀. Kó tó di ọjọ́ Ajé, orí ti ń lẹ̀, híjáàbù ti ń rùn, ọmọ sì ń họra nínú kíláàsì ilé kéwú. Ìyá á yẹ orí wò, á rí èépá funfun, á ní, "Orí ọmọ yìí mà gbẹ o!" Á wá bu òróró sí i. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, èépá ti pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kì í ṣe gbogbo orí tó ń bó ló gbẹ. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀rá ló pọ̀ jù lórí rẹ̀.

Níbo ni ọ̀rá náà ti ń wá?

Ọlọ́hun tó dá wa ló fi àpò ọ̀rá kéékèèké sí ìdí irun. Ọ̀rá yìí ló ń mú kí awọ rọ̀. Nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà, àwọn àpò náà a máa ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí orí ọmọ ọdún 13 tàbí 14 fi lè máa dán, tí ti àbúrò rẹ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ náà dọ̀tí, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Irun tiwa tó ká kì í jẹ́ kí ọ̀rá tètè ti ìdí irun dé ṣóńṣó. Nítorí náà, awọ orí lè kún fún ọ̀rá nígbà tí ṣóńṣó irun gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ lo òróró tàbí òrí, ṣóńṣó irun ni kó fi sí, kó má fi í pa awọ orí.

Èépá tó fẹ́ràn òróró

Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Malassezia. Orí àwa ènìyàn ló ń gbé, ọ̀rá sì ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ọ̀rá bá pọ̀, tí orí wà nínú ooru àti ọ̀rinrin, ó lè mú kí awọ máa yún, kó sì máa bó. Èépá rẹ̀ a máa lẹ̀, ó sì lè dé irun ojú, ẹ̀gbẹ́ imú àti ẹ̀yìn etí. Òróró ólífì jẹ́ ohun alábùkún tí Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé dárúkọ, ṣùgbọ́n irú orí báyìí kọ́ ló yẹ ká fi í pa, nítorí ńṣe ló ń bọ́ kòkòrò náà.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé ẹ̀tọ́ ni fún Mùsùlùmí láti fọ orí àti ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ méje. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yìí náà tó fún ọ̀pọ̀ irun tó ká. Ẹni tí orí rẹ̀ lọ́ràá gan-an lè fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ lò. Ẹ fi ọmọ ìka pa ṣáńpù sí awọ orí, ẹ má fi èékánná họ ọ́, kí ẹ sì ṣàn án dáadáa. Bí èépá bá wà, ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn fún ṣáńpù tó ní ketoconazole, zinc pyrithione tàbí selenium sulphide. Ẹ jẹ́ kó wà lórí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó ṣàn án.

Ẹni tó di irun ńkọ́? Ummu Salamah, ìyàwó Anọbi, béèrè bóyá òun gbọ́dọ̀ tú irun dídì òun fún ìwẹ̀ jánábà. Èsì tó gbà ni pé kò pọn dandan. Kó da omi sórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó sì wẹ gbogbo ara. Ìrọ̀rùn ni ẹ̀sìn ṣe fún wa, kì í ṣe àyè láti fi irun sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta láìfọ̀. Ẹ po ṣáńpù mọ́ omi sínú ike, kí ẹ máa tú u sí àárín ìlà irun, kí ẹ sì fi omi ṣàn án.

Híjáàbù àti fìlà

Híjáàbù kọ́ ló ń fa ọ̀rá. Wíwé e lé irun tútù ló ń dá ìyọnu sílẹ̀. Bí ẹ bá wẹ̀ kí ẹ tó kírun Súbúhì, ẹ fi aṣọ gbígbẹ fa omi irun náà dáadáa kí ẹ tó bo orí. Bí ẹ bá sì padà sílé, láàárín àwọn ará ilé tó tọ́, ẹ ṣí i kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Aṣọ òwú dára ju èyí tí kò gba atẹ́gùn lọ. Fìlà abẹ́ híjáàbù kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ kan lọ lórí kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọkùnrin náà, fìlà tí ẹ ń dé lọ sí mọ́sáláṣí ń fẹ́ ọṣẹ àti oòrùn.

Ìgbà tó yẹ ká lọ rí dókítà

Bí irun ọmọ bá ń já ní ojú kan, tí ibẹ̀ pá róbótó, ó lè jẹ́ làpálàpá. Ṣáńpù nìkan kò lè wò ó; oògùn mímu tí dókítà bá kọ ló ń lé e lọ. Ó máa ń ràn, nítorí náà kí tẹ̀gbọ́n tàbúrò má ṣe lo òòyà, fìlà tàbí híjáàbù kan náà, ẹ má sì da kẹrosíìnì sórí ọmọ. Bí orí bá ń ṣọyún, tàbí tí ṣáńpù olóògùn kò ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ má dúró mọ́. Bákan náà ni obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège, tí irun sì ń hù ní àgbọ̀n rẹ̀, kó jẹ́ kí dókítà yẹ òun wò.

Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ tó ṣí ìgò òróró, ẹ kọ́kọ́ yẹ awọ orí ọmọ yín wò. Bó bá ń dán, omi àti ṣáńpù ló ń fẹ́. Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà jíǹkí wa. Àmín.