Ọ̀kẹ́ Kan Nínú Ìdì Owó Ọjà Garki

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ṣòwò ní ọjà Garki, ní Àbújá, ẹ kì í ṣe àjèjì sí owó kíkà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú ìdì owó igba náírà kan, irú èyí tí ó jáde ní ọdún 2000, tí ó sì pé ọgọ́rùn-ún ẹyọ, iye tí àwọn baba wa ń pè ní ọ̀kẹ́ ni ẹ mú lọ́wọ́ yẹn: 20,000 géérégé. Dubu ashirin ni oníbàárà Hausa yóò pè é. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ wa fi ń pè é.

Owó ẹyọ ni ó bí ọ̀kẹ́. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan; àádọ́ta okùn di ẹgbàá, èyíinì ni 2,000; ẹgbàá mẹ́wàá sì kún àpò kan. Àpò yìí ni ọ̀kẹ́, ẹrù gidi lórí alágbàárù. Adolphus Mann, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S. tí ó ti gbé ní Ìjàyè rí, kọ̀wé ní ọdún 1887 nípa bí àwọn tí ń ka owó ẹyọ ṣe ń fi ọwọ́ fà á ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi di ogún. Ogún márùn-ún a di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì a di igba.

Ìwà iye náà kò yàtọ̀ sí ìrìn ọwọ́ wọ̀nyẹn. Bí ẹ bá pín 20,000 títí kò fi ṣe é pín mọ́, 2 àti 5 nìkan ni ẹ óò bá nínú rẹ̀. 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 jẹ́ 32. 5 lọ́nà 5 lọ́nà 5 lọ́nà 5 jẹ́ 625. 32 lọ́nà 625 ni ọ̀kẹ́ kan. Ọgbọ̀n iye ni ó lè pín in láìṣẹ́kù, láti orí 1 títí dé orí 20,000 fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́ta kò lè pín in dọ́gba láéláé: 6,666 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, méjì yóò sì ṣẹ́kù fún ìjà.

Mílíọ̀nù kan ni àádọ́ta ọ̀kẹ́. Àyọkúrò wà nínú orúkọ yìí pàápàá, nítorí ogún mẹ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀ ni àádọ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ń pe 19,000 ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáwàá, ẹgbàáwàá tí ó dín ẹgbẹ̀rún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀ràn nìyí. Bí ìdílé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá ránṣẹ́ sí ọmọ wọn ní Garki pé ọ̀kẹ́ márùn-ún ni ìpín tirẹ̀ nínú owó ìsìnkú bàbá, 100,000 náírà ni wọ́n ń béèrè. Ọmọ tí a bí sí Area 11, tí ó rò pé ọ̀kẹ́ àti mílíọ̀nù kò yàtọ̀, yóò gbọ́ mílíọ̀nù márùn-ún. Ẹ̀rù yóò bà á, kò ní fèsì; àwọn ará ilé yóò sì ní ó ti kọ àwọn sílẹ̀.

Láti ọdún 2005 tí owó ẹgbẹ̀rún náírà ti jáde, ogún ẹyọ rẹ̀ ni ọ̀kẹ́ kan. Àpò ẹ̀wù gbà á. Ẹ kó ogún náà síwájú ọmọ yín, kí ó fi ọwọ́ fà á ní márùn-ún márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni yóò fà á, ọ̀kẹ́ kan a pé.