Ọ̀pẹ àti Ewéko Wẹ́wẹ́ Ara Rẹ̀

Láti ọdún 1939 ni a ti ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀pẹ nítòsí ìlú Bìní, ní ibùdó tí a ń pè ní NIFOR láti ọdún 1964. Ní agbègbè yìí, bí a bá wo ara àgbà ọ̀pẹ, a ó rí ewéko kúkúrú kan tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ sí ìdí imọ̀ tí a ti gé, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ewé tí ó ń fúnfun. Octoblepharum albidum ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè kà á sí àfòmọ́, kí ó sì fi àdá ha á dànù.

Àfòmọ́ kọ́. Àfòmọ́ a máa ki gbòǹgbò bọ inú ẹ̀ka igi, a sì máa fa omi ibẹ̀ mu. Ewéko yìí kò ní gbòǹgbò. Fọ́nrán tín-ín-rín ni ó fi di ara ọ̀pẹ mú. Ewé rẹ̀ gan-an ni ó fi ń gba omi òjò. Òfìfo ni púpọ̀ nínú ohun tí ó para pọ̀ di ewé náà. Òfìfo yìí ni ó ń fa omi mu bíi kànìnkànìn, òun náà ni ó sì mú kí ewé náà funfun. Bí ọyẹ́ bá fẹ́, a gbẹ pátápátá. Bí òjò bá rọ̀, a tún jí.

Ọ̀pẹ kò lè gbẹ báyẹn kí ó tún yè. Gbòǹgbò ni ó fi ń fa omi láti inú ilẹ̀, tí ọ̀nà omi inú igi rẹ̀ sì ń gbé e dé orí, bí ó tilẹ̀ ga ju ogún mítà lọ. Ewéko kékeré náà kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí kì í fi í ga.

Ọ̀pẹ ń so ẹyìn, ekùrọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ekejì kì í tanná, kì í so. Inú omi ni akọ rẹ̀ ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ bá abo. Ohun tí ó bá tibẹ̀ jáde a dà bí ìkòkò kékeré tí eyín mẹ́jọ yí ẹnu rẹ̀ ká (ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá), afẹ́fẹ́ a sì gbé lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ lọ.

Yorùbá sọ màrìwò, imọ̀, ọ̀wá àti ìhá lórúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí ó ń wúlò ni a máa ń fún lórúkọ; bóyá nítorí náà ni a ṣe ń da èyí tí kò so epo pọ̀ mọ́ àfòmọ́. Àṣìpè náà ní ewu. Fusarium, àrùn tí ó ń pa ọ̀pẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, inú ilẹ̀ ni ó ti ń gba gbòǹgbò wọlé. Imọ̀ tí ó ń gbẹ, tí ó ń ṣẹ́, tí ó sì ń rọ̀ mọ́ ara igi ni àmì rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ń fi àdá ha ara ọ̀pẹ kò tíì kan ibi tí àrùn náà wà.